Ẹ̀rọ Ìṣirò Nínú Ìdánwò Àṣewọlé: Òṣùwọ̀n Kan fún Gbogbo Ọmọ

 Bí a bá ń ṣe àjọyọ̀ àyájọ́ ilé-ìwé wa, àṣà wa ni láti ka àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí tí wọ́n ti di dókítà, amòfin, nọ́ọ̀sì, apòògùn, onímọ̀ ẹ̀rọ àti olùkọ́, kí a sì yìn wọ́n. Ìyìn náà tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tóóró kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn gbà kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà lónìí: ìdánwò àṣewọlé sí fásitì. Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sí kíláàsì wa lónìí ń lọ bá. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó ń ran ẹni tí yóò wọlé lọ́wọ́, tí ó sì ń dá ẹlòmíràn padà sílé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kákúlétọ̀.

Níbikíbi tí àwọn òbí bá ti péjọ, ìbéèrè yìí kì í pẹ́ jẹyọ: kí ló dé tí WAEC fi ń gba àwọn ọmọ láyè láti lo ẹ̀rọ ìṣirò, tí JAMB kò sì jẹ́ kí wọ́n mú un wọ gbọ̀ngàn ìdánwò? Àwọn kan ní ìnira lásán ni JAMB ń fi kó àwọn ọmọ. Àwọn àgbà kan láàrin wa ní tiwọn sọ pé kò yẹ kí ọmọ kankan lo ẹ̀rọ rárá, nítorí pé ìwé tábìlì lọ́gì àti pẹ́ńsù ni àwọn fi dé ibi tí àwọn dé. Àwọn mìíràn tún dá a lábàá pé kí ẹ̀bùn àyájọ́ láti ọwọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ọmọ SS3. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà àárín tí JAMB yàn ni ó dára jù, pé ìjà tí ó yẹ kí a jà kò sí lọ́dọ̀ JAMB bí kò ṣe nínú kíláàsì wa, àti pé ohun mìíràn ni ó yẹ kí a fi owó ẹ̀bùn náà ṣe.

Kí a tó máa ṣe àríyànjiyàn, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an. Láti 1978 ni àjọ JAMB ti wà. Fún ọdún pípẹ́, ìwé àti pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún apá kan, nígbà tí ó sì di 2015, kọ̀ǹpútà nìkan ni ó kù. Nínú ìdánwò UTME, iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe: ìbéèrè 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 180, wákàtí méjì sì ni àkókò rẹ̀. Aago ọwọ́, fóònù àti ẹ̀rọ ìṣirò wà lára ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ mú wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo: ẹ̀rọ ìṣirò kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí ó ń lò, tí ó lè ṣí nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Ohun tí JAMB kọ̀ ni pé kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá láti ilé.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ mú tirẹ̀ wá kò ṣàìní àwíjàre. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: wákàtí méjì jẹ́ ìṣẹ́jú 120, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 7,200. Bí a bá pín in sí ìbéèrè 180, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yóò ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Nínú ìbéèrè 80 ti Kẹ́mísírì àti Físíìsì, ọ̀pọ̀ ni ó ní ìṣirò nínú. Ọmọ tí ó fẹ́ ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò tún fi Ìṣirò fúnra rẹ̀ kún un. Ní ìṣẹ́jú àáyá 40, wọ́n ní, ẹ̀rọ tí ọwọ́ ọmọ ti mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò ràn án lọ́wọ́ ju èyí tí ó ń fi ojú wá lórí kọ̀ǹpútà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ rántí ohun tí ìdánwò àṣewọlé jẹ́. Òṣùwọ̀n ni. Bí a bá lọ sí ọjà Odò-Orí láti ra gàrí, kóńgò ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó jẹ́ kí a fọkàn tán kóńgò ni pé kóńgò ìyá kan kò yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí ẹnìkan bá ti tẹ ìdí tirẹ̀ wọnú, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn, Ìwé Òwe sì ti sọ bí irú òṣùwọ̀n èké bẹ́ẹ̀ ti rí lójú Ọlọ́run. Bí a bá gba gbogbo ọmọ láyè láti mú ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, ọmọ olówó yóò mú èyí tí ó lè yanjú ìdọ́gba, tí ó lè ya àwòrán, tí ó sì lè tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú. Ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé tí kò jìnnà sí Odò Ọbà yóò mú èyí tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Àwọn méjèèjì yóò dáhùn ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n kóńgò wọn kì yóò dọ́gba. Ẹ̀rọ ojú kọ̀ǹpútà kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Bákan náà ni ó rí fún gbogbo wọn.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ìwà èrú. Kò sí òbí kan ní orílẹ̀-èdè yìí tí kò mọ bí ìwà èrú nínú ìdánwò ti gbilẹ̀ tó. Ohunkóhun tí ó bá ní ìrántí nínú, tí a sì lè mú wọ gbọ̀ngàn, lè di àpò ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó ṣe iṣẹ́ òtítọ́ jèrè iṣẹ́ wọn, kò yẹ kí àwa ilé-ìwé Kristẹni jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀.

Ní ti àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ kí a mú ẹ̀rọ kúrò pátápátá, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìwé tábìlì tí wọ́n lò nígbà náà kọ́ wọn ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: ìwé tábìlì náà jẹ́ ohun èlò. Ẹlòmíràn ni ó ti ṣe ìṣirò inú rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ọmọ bá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ pín nọ́ńbà gígùn láàrin ìṣẹ́jú àáyá 40, ohun tí a ń dán wò kì í ṣe òye Físíìsì rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe bí ọwọ́ rẹ̀ ti yá tó.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú ti ro ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì fẹnu kò sí ibì kan. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò MCAT tí ó wà fún àwọn tí ó fẹ́ wọ ilé-ìwé ìṣègùn kò gba ẹ̀rọ ìṣirò kankan. Àwọn tí ń ṣe ìbéèrè rẹ̀ ń yan nọ́ńbà tí ọpọlọ lè gbé. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, ìdánwò DAT ti àwọn tí ó fẹ́ di dókítà eyín ní ẹ̀rọ kékeré lójú kọ̀ǹpútà fún apá ìṣirò. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò UCAT fún ìmọ̀ ìṣègùn ní irú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdánwò NCLEX tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ń ṣe kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tún fi ẹ̀rọ sí ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tí ó ní kí ọmọ mú ẹ̀rọ tí ó bá wù ú wá láti ilé. Yálà kí ó má sí fún ẹnikẹ́ni, tàbí kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ojú ọ̀nà kejì ni JAMB ń tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé ẹ̀rọ ojú kọ̀ǹpútà náà kì yóò ran ọmọ tí orí rẹ̀ kò tíì múra sílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ gbé ìbéèrè Kẹ́mísírì kan yẹ̀ wò: a yọ́ gíráàmù 10 sodium hydroxide sínú omi títí ó fi di 250 cm³, mélòó ni agbára rẹ̀? Ọmọ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe yóò rí i pé móòlù kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 40, pé 10 jẹ́ ìdá mẹ́rin 40, pé 250 cm³ sì jẹ́ ìdá mẹ́rin lítà kan. Ìdá mẹ́rin lórí ìdá mẹ́rin jẹ́ 1. Ó ti dáhùn kí ẹnikejì rẹ̀ tó rí ibi tí ẹ̀rọ wà. Ìdàkejì rẹ̀ ni ọmọ tí ó ti fi ẹ̀rọ ṣe ohun gbogbo láti JSS1. Bí ó bá tẹ 2 + 3 × 4 sórí ẹ̀rọ ńlá tí ó ń lò fún WAEC, yóò rí 14, èyí tí ó tọ́. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ sórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, 20 ni yóò rí, nítorí pé wọn kì í dúró de ìsọdipúpọ̀ kí wọ́n tó ro nọ́ńbà pọ̀. Ẹni tí kò mọ òfin ìṣirò náà kì yóò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti tan òun jẹ.

Ẹyẹ odídẹrẹ́ ni a fi ń ki ìlú wa, inú wa sì máa ń dùn sí i. Ẹyẹ náà lẹ́wà, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ́ ọ ni ó ń sọ. Bí a bá kọ́ ọ ní èké, èké náà ni yóò máa pè tọ̀sán tòru láìfòyà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìṣirò rí. Ohun tí a bá tẹ̀ sí i ni yóò dáhùn, kì yóò sì béèrè bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ó ni odídẹrẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ ní òye.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ máàkì nìkan ni a ń sọ. Àwọn iṣẹ́ tí ìdánwò yìí ń ṣí ilẹ̀kùn wọn jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọdé kan tí ó wọn kílò 12, tí ibà ń yọ lẹ́nu. Bí dókítà bá pàṣẹ pé kí a fún un ní mílígíráàmù 15 paracetamol fún kílò kọ̀ọ̀kan, mílígíráàmù 180 ni yóò lò. Bí oògùn olómi náà bá ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 ni nọ́ọ̀sì yóò wọ̀n fún un. Nísinsìnyí, bí ìka nọ́ọ̀sì bá ṣi ojú àmì kékeré àárín nọ́ńbà náà, ẹ̀rọ yóò kọ 75. Ẹ̀rọ kò ní gbọ̀n, kò sì ní kígbe. Nọ́ọ̀sì tí a ti kọ́ láti kékeré pé kí ó fojú bu ìdáhùn kí ó tó gbà á yóò dá ọwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, yóò ní, "Ìgò tí mo dì mú yìí kò ju mílílítà 60 lọ. Báwo ni ọmọ kan yóò ṣe mu ju ìgò kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?" Ìbéèrè yẹn, tí kò sí nínú ẹ̀rọ kankan, ni ó gba ọmọ náà là. Inú kíláàsì JSS ni a ti ń gbìn ín.

A kò sì ṣàìní ogún nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn baba ńlá wa kò ní ìwé, ṣùgbọ́n òǹkà wọn kún fún ọgbọ́n. Nígbà tí a bá pe 45 ní márùn-ún-dín-láàádọ́ta, a ti yọ 5 kúrò nínú 50, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Ìṣirò wà nínú orúkọ nọ́ńbà wa. Ní ayé owó ẹyọ, 40 ni a ń sín pọ̀, ọ̀nà 50 irú rẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Àwọn ìyálójà tí kò mọ àlífábẹ́ẹ̀tì ń ṣírò èrè àti àdánù lórí irú òǹkà yìí, wọn kì í sì í ṣìnà. Adolphus Mann, míṣọ́nárì CMS tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé nípa ètò òǹkà Yorùbá ní 1887 kí àwọn ará òkè òkun lè mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó. Ó ṣe ni láàánú bí ọmọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá ń yọ fóònù jáde kí ó tó mọ ṣéńjì tí ó kù nínú ẹgbẹ̀rún náírà.

Kí wá ni ṣíṣe? Mo ní àbá mẹ́ta.

Èkíní, kí ilé-ìwé wa má ṣe gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè láti JSS1 dé JSS3. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò jẹ́ ti ìṣirò àfọkànṣe: ìsọdipúpọ̀, ìdá, ìdá-ọgọ́rùn-ún, àti ìfojúbù. Ní SS1, kí a wá fi ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú òfin kan: kọ ohun tí o fojú bù sílẹ̀ kí o tó tẹ ohunkóhun. Ẹnìkan lè wí pé èyí yóò fa àwọn ọmọ wa sẹ́yìn nínú WAEC. Kì yóò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó kù fún wọn láti mọ ẹ̀rọ lò, ẹni tí orí rẹ̀ bá sì ti mọ ìṣirò kì í pẹ́ mọ bọ́tìnnì.

Èkejì, kí àwa òbí bá olùkọ́ ṣiṣẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a rán ọmọ lọ sí ọjà kí ó sì jíṣẹ́ owó tí ó ná láìwo fóònù. Kí a bi í iye epo tí yóò gbé ọkọ̀ dé Ìbàdàn, tàbí iye ìṣù tí ó wà nínú ebè tí a kọ. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ẹ̀bùn àyájọ́ náà bẹ̀rẹ̀ yàrá kọ̀ǹpútà tí ó ní iná tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀rọ ìṣirò tí a bá rà fún SS3 ti ọdún yìí kò ní wọ gbọ̀ngàn JAMB pẹ̀lú wọn, yóò sì bá wọn jáde kúrò nílé-ìwé. Yàrá kọ̀ǹpútà yóò dúró de àwọn àbúrò wọn. Lóòótọ́, láti 2017 ni JAMB ti mú un rọrùn, tí ọmọ lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N àti P láti lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, S àti R láti parí tàbí láti padà. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yìí kò kan ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí pé ọjọ́ ìdánwò ni ó kọ́kọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde ní 2025 pé òun fẹ́ gbé ìdánwò WAEC àti NECO pẹ̀lú lọ sórí kọ̀ǹpútà. Àìní náà yóò máa pọ̀ sí i ni. Mo mọ̀ pé owó yàrá náà pọ̀ ju ti ẹ̀rọ ìṣirò lọ. Kò pọn dandan kí a parí rẹ̀ lọ́dún kan. Kí ẹgbẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó jáde níbí gbé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká, kí a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà díẹ̀ tí àwọn ọmọ lè máa lò ní ìpín-ìpín.

Nínú ìlú Ìwó yìí kan náà ni Fásitì Bowen wà, lórí ilẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ìṣègùn, òfin àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń bẹ níbẹ̀, nítòsí ilé wa. Ó yẹ kí ọmọ tí a tọ́ ní ìlú yìí lè rìn wọ ibẹ̀ tàbí fásitì mìíràn pẹ̀lú ìgboyà, láìní ìwé àfiyọ̀ọ̀dà lápò àti láìbẹ̀rù nọ́ńbà.

Olúwa wa sọ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé kí ó kọ́kọ́ jókòó kí ó ṣírò ohun tí yóò ná an. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni a ní kí ó wá. Ìjókòó àti ìrònú ni a ní kí ó ṣe. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ilé-ìwé Kristẹni kọ́ ọmọ, kí JAMB tó dé àti lẹ́yìn tí JAMB bá lọ. Kí Ọlọ́run fún àwọn olùkọ́ wa lókun, kí ó ṣí ọwọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí ó sì jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀ àyájọ́ láyé. Àmín.